Kẹ̀kẹ́ Oníná Lórí Saréè Bàbá Àgbà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí a pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Irọ́ ni. Ìyá mi pọ̀n mí títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ọjọ́ kan tí n kò mọ̀. Èémí rẹ̀ ni mo fi ń mọ ibi tí a dé. Tí a bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, á máa mí jẹ́jẹ́, á tilẹ̀ máa kọrin. Tí a bá ti débi òkè kékeré tó wà kí á tó yọ sí títì, orin á dáwọ́ dúró, àyà rẹ̀ á sì máa lù mí níkùn láti ẹ̀yìn.

Àrùn rọparọsẹ̀ ló mú mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Arọ ni mí. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti bá mi wá ọ̀rọ̀ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ dídùn fún mi nígbà náà kò bá mi wá bí mo ṣe máa débi iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan nítòsí Ẹnuwá, ní Ifẹ̀. Mo ń tẹ lẹ́tà, mo ń tẹ ìwé ẹjọ́, mo sì ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n máa ń fẹ́ kó parí lánàá. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi máa ń pọ̀n mí dé títì, ọ̀kadà á sì gbé wa débi iṣẹ́, ìyá mi á jókòó sẹ́yìn mi, á gbá mi mú. Ìgbà tó yá, ní àwọn ọdún tí ológun ń ṣèjọba, bẹntiróòlù wọ́n, ọ̀kadà sì di ohun tí à ń fojú wá. Ìyá mi kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Gun ẹ̀yìn mi."

Ó pọ̀n mí débi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lórí òkè yẹn. Kò jẹ́ kí n fara kan ilẹ̀. Àgbọ̀n tirẹ̀ ló fi gba ilẹ̀. Dókítà sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju garawa omi lọ mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn yóò kọ iṣẹ́ pátápátá. Ọjọ́ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ níwájú mi. Mo ní mi ò lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, gbọ́ ọ, ó ní mo ṣe dáadáa. Ó ní, "Jókòó sílé. Ṣé oúnjẹ lo ń wá ni?" Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Oníbàárà mi kan, obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló wá wò mí nígbà tí kò rí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà wá, àwọn ọkùnrin mẹ́rin sì bá a gbé kẹ̀kẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì. Bàbá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ òkun gbé e wálé láti òkè òkun, ó sì lò ó títí ó fi kú. Bátìrì méjì wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan sì wà lápá ọ̀tún tí mo lè fi ìka kan darí. Cháájà rẹ̀ bá a wá, àpótí irin kan tí a máa so mọ́ iná ilé títí bátìrì á fi yó. Lónìí, wọ́n ń ròyìn fún mi pé àwọn èèyàn ní ọkọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ilé wọn bí ẹni so ewúrẹ́, tí kì í mu epo. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ohun tí ojú ò rí rí. Mo kàn máa ń wò wọ́n ni.

Níbo la máa so tèmi mọ́? Ilẹ̀kùn yàrá mi kò gbà á wọlé. Tí a bá fi síta, òjò ń bẹ, olè sì ń bẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú nìkan ló ní ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì. Àga àlejò àti tẹlifíṣọ̀n ló gba apá kan níbẹ̀. Apá kejì, Bàbá Àgbà ló wà níbẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, tí wọ́n sì sin síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sin àgbà sínú ilé rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú saréè náà, ó tẹ́jú, ó sì fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́. Lórí ògiri, ní ọ̀gangan ibi tí orí Bàbá Àgbà wà, ni míítà iná ilé wa wà. Mo wo saréè, mo wo míítà, mo ní ibí náà ni.

Mo ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná kan tó ń gbé nítòsí Sábó, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í fọwọ́ kan wáyà láìṣe bísímílà. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn àgbà ilé mọ̀ sí i?"

"Èmi náà ti dàgbà."

Ó fa wáyà nínípọn kan láti ìdí míítà wálẹ̀, ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá mọ́ ògiri. Ó ní kí iná má baà gbé mi, òun gbọ́dọ̀ gbá ọ̀pá irin kan wọlẹ̀, kí òun so wáyà kan mọ́ ọn. Ó bọ́ síta, ẹ̀yìn ògiri ló ti gbá a. Ìró òòlù yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Kó tó dé, wọ́n ti bá mi ti kẹ̀kẹ́ sórí saréè, mo ti jókòó sínú rẹ̀, iná pupa kékeré sì ti tàn lára cháájà.

"Ta ló ní kí ẹ gbá irin mọ́ bàbá mi lórí?"

Oníṣẹ́ iná dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ìta ni irin náà wà."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ, ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé gáréèjì nibí ni?"

"Rárá, Bàbá. Ilé bàbá mi ni."

"Orí saréè lo gbé táyà lé! Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ ní Ifẹ̀?"

"Bàbá, wọ́n ń sá èlùbọ́ síbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀."

"Oúnjẹ nìyẹn."

"Àwọn ọmọ ń tọ̀ síbẹ̀."

"Ọmọdé nìyẹn."

"Míítà tó wà lókè orí Bàbá Àgbà ńkọ́? Ta ló kàn án mọ́bẹ̀?"

Ó gbójú sókè wo míítà. Òun ló ní kí wọ́n kàn án mọ́bẹ̀, lọ́dún tó ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, nítorí ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà cháájà yọ, ó sì wé e mọ́ ọwọ́.

"Gbé e kúrò níbẹ̀."

"Kò lè lọ, Bàbá. Kò tíì jẹun."

"Ìwọ náà kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ pọ̀n mí, nígbà náà."

Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí mo bá kúrò lórí saréè yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé ìyá mi yóò tún bẹ̀rẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo wo ojú gbogbo àwọn ọkùnrin ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó fẹ́ pọ̀n mí. Ó yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe yára rí i pé mo wúwo.

Ìyá mi ló ti ṣọ́ọ̀ṣì wọlé bá wa. Ó wo gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti yí ẹ̀yìn padà sí mi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ó yá, gùn mí. Jẹ́ ká lọ."

Kò sí ohun tó le tó èyí tí mo sọ lẹ́yìn náà, mo sì ti bá èèyàn jà gan-an láyé mi.

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ ti pọ̀n mí tó."

"Gùn mí, mo ní."

"Mi ò gùn yín mọ́. Láéláé."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀ fún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ojú saréè, ó gbìyànjú, kò lè dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sún mọ́ ọn jù. Ó ju wáyà sílẹ̀, ó gbé e ní abẹ́ apá méjèèjì, ìyá mi sì ké, kò ké sókè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dì í mú, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti rí báyìí?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo sọ iye oṣù náà fún un, mo sọ ohun tí dókítà wí, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè gbọ́.

"Apá ibi ẹsẹ̀ saréè ni kí kẹ̀kẹ́ wà," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí níkẹyìn. "Mi ò fẹ́ táyà lórí àyà bàbá mi."

Mo gba ìyẹn. Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà kò rìn mọ́, tèmi kò sì rìn rí. A lè jọ máa gbé. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, oníṣẹ́ iná fa wáyà gùn sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ na wáyà cháájà sí mi, kò wojú mi. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì.

Iná ń wá, iná ń lọ, bátìrì kò sì yó títí di òru ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo jáde. Àwọn èèyàn tò lọ bẹẹrẹ ní ilé epo pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, gbogbo wọn sì yíjú. Ọkùnrin kan pariwo, "Kí ni èyí ń mu?" Mo ní, "Kì í mu tiyín. Ẹ máa tò lọ."

Ìyá mi ní dandan, òun máa tẹ̀ lé mi, ó sì gbé ọ̀já tó fi ń pọ̀n mí kọ́ èjìká, bóyá nǹkan náà máa kú lọ́nà. Ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. A dé òkè, kẹ̀kẹ́ ń kùn, ó ń gùn ún. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló ti ń bọ̀ báyìí, ó sì ń jìnnà.

"Dúró dè mí o!" ló ké. "Ọ̀nà jìn!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé kí n dúró de òun. Mo tún sún síwájú díẹ̀ ná, kí n tó dúró.