Ọ̀gá Di Ẹ̀bi Ru Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń rí mi lára!

Ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, Alákìá ni mò ń gbé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, wọ́n sì pọ̀ bí eéṣú! Iṣẹ́ ìwádìí mi ni bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe lè máa máàkì iṣẹ́ wọn. Mo kọ ètò kan tó ń dán iṣẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, tó sì ń fún un ní máàkì. Mo rò pé ojúsàájú ti tán nìyẹn. Èmi aláìmọ̀kan!

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ló ń gba èsì lọ́wọ́ mi, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. N kì í padà lọ wò ó.

Ní Sátidé kan, bàbá àgbẹ̀ kan láti abúlé kan ní Lágelú kanlẹ̀kùn mi, iṣu lọ́wọ́ wọn. Rísíkátù, ọmọ kíláàsì mi, dúró lẹ́yìn wọn, kò gbójú sókè.

Bàbá kí mi tán, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n ní òun ló féèlì ọmọ mi. Kí lọmọ mi ṣe fún un?"

Féèlì kẹ̀? Ọmọ tó wà lára àwọn tí máàkì wọn pọ̀ jù! Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni Rísíkátù bú sẹ́kún.

Ìyàwó mi mú un wọ yàrá, ibẹ̀ ló ti tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ní kó wá bá òun ní ilé kan ní Ọlọ́runṣògo, kò lọ. Nígbà tí èsì jáde tó lọ béèrè, ọ̀gá ní kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i. (Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n" o.)

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Àgbàlagbà yí máàkì ọmọ padà kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ mi bo ìwà ẹlẹ́gbin!

Ní Mọ́ńdè, mo ní kí Rísíkátù tẹ̀lé mi. Lójú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka wa, mo ki dísìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà. Máàkì yọ: ó yege dáadáa. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó tẹ èsì ló ṣe àṣìṣe.

Ni Rísíkátù bá fèsì: "Ẹ̀yin lẹ ní tí mi ò bá wá, mi ò ní yege, sà."

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́!

Wọ́n dá máàkì rẹ̀ padà. Ọ̀gá ńkọ́? Ó wà lórí àga rẹ̀ o! Àwọn olùkọ́ kan tiẹ̀ wá sọ fún mi pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, pé mo dójú ti àgbà. Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ta? Mi ò lọ. Wọ́n dá ìgbéga mi dúró nítorí ẹ̀, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n mo tún ètò mi ṣe, kí ọmọ máa rí máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹni tó dúró tì í. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá ń wolẹ̀ ṣáá, ẹ rọra bi í léèrè.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ sọ fún wa, ẹ má tijú. Ẹni tó hùwà náà ló yẹ kójú tì!