Bí Mo Ṣe Lọ Ra Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pín Sí Mẹ́ta ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìrun Àsùbá ni a kí tán, ojú kò tíì là dáadáa, tí èmi àti Làmídì ti dé gáréèjì Òṣogbo láti wọ ọkọ̀ Iléṣà. Làmídì ni mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tèmi. Mo mú un dání nítorí pé bí aṣọ bá ti gbó, tí wọ́n tún un pa láró kí ó lè dà bíi tuntun, kò sí ẹni tó lè fi tàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n ní ti mọ́tò, ojú lásán ni mo ní, n kò ní ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé mi kúrò nílé. Ní èṣín, Sàrátù ìyàwó mi rọbí ní ọ̀sán gangan. Àsìkò kòkó ni, gbogbo lọ́rì ti wọ oko lọ. Mo sáré títí bàtà mi fi já, n kò rí ohun tí mo lè fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a tó rí ọkọ̀ kan tọrọ, ọmọ ti kú sínú, díẹ̀ ló sì kù kí ìyá náà bá a lọ. Ó tún ti lóyún báyìí, oyún ọ̀hún ti wọ oṣù kẹsàn-án. Mo ti fi Ọlọ́run búra pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kò ní bá mi láìní ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àádọ́fà pọ́n-ùn ni mo ní, kò sì sí ibi tí mo tún lè rí kọ́bọ̀ kan kún un.

Ẹ ò rí i pé ọjọ́ burúkú kì í pẹ́ fi ara hàn! Dẹ́rẹ́bà bọ̀lẹ́kájà tí a wọ̀ gba ṣílè kan àti sísì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó ní ẹnì kan péré ló kù kí ọkọ̀ gbéra. Wákàtí kan gbáko ni a fi dúró de ẹnì kan yẹn. Nígbà tó dé, ewúrẹ́ mẹ́ta ló fà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi orí lé itan mi títí a fi kọjá Ìbòkun. Ọ̀dà wà lójú ọ̀nà níbòmíràn, níbòmíràn erùpẹ̀ pupa ni, kòtò tó sì wà níbẹ̀ jin débi pé ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Iléṣà, ẹ ó máa gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní lẹ́bàá títì. Òórùn yẹn dùn fún ẹni tó ni kòkó.

A sọ̀ kalẹ̀ ní Iléṣà, a jẹ iyán sísì pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. “Uyán” ni àwọn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní “ulé”. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: iyán Ìjẹ̀ṣà kò ní ẹlẹgbẹ́. Òun nìkan ni nǹkan tí kò bí mi nínú ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a wò jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń bá àwọn olówò ra kòkó. Ó dúdú, ó ń dán, ẹ lè fi wo ojú yín. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ló pè é, inú mi sì dùn, mo ti ń fọwọ́ tọ́ àpò. Làmídì wà á yíká àdúgbò lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé, ó fajú ro.

“Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí dákẹ́ jù.”

“Ṣé kí ó máa pariwo ni?”

“Èyí tó ti rin ìrìn tó tó báyìí kì í dákẹ́.” Ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nǹkan kan, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí yóò fà á jáde, lẹ́búlẹ́bú pákó àti òróró ló kún un. Wọ́n ti di lẹ́búlẹ́bú pákó sínú jíà kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ bí ó ṣe ń lọ ara rẹ̀.

Ojú kò ti ọkùnrin náà rárá. Ó ní, “Kí ló dé? Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Èmi náà lè fi sítáàṣì di àkísà mọ́ra, ṣé kí n wá tà á fún yín ní tuntun?” A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnì kan tó ń wo gbogbo rẹ̀ ló júwe ilé Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí fún wa. Ó ní bàbá wọn tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan nígbà tí kòkó lówó lórí, kò sì pẹ́ tó fi gùn ún kí ikú tó dé. A bá Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí nílé. Àkọ́bí olóògbé ni, ọmọlúàbí èèyàn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, ó kó àwọn màrìwò kan kúrò.

Ọkọ̀ náà rèé lóòótọ́, àwọ̀ ewé, ó jókòó sórí òkúta mẹ́rin. Kò ní táyà kankan. Adìyẹ kan sàba sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń fi ojú burúkú wò wá.

Mo ní, “Táyà rẹ̀ dà?”

“Ó wà ní Òṣú.”

“Bátìrì ńkọ́?”

“Ó wà ní Ìwàrà.”

“Kọ́kọ́rọ́?”

“Òun náà wà ní Ìwàrà.”

Mo ní, “Subuhánà-Láhì! Kí ni ọkọ̀ ń wá kiri?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. “Ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìdí-igi mẹ́ta la jẹ́. Oko kòkó, a pín in sí mẹ́ta. Ilé, a pín yàrá rẹ̀. Nígbà tó kan ọkọ̀, a ò lè fi àdá là á. Ìdí-igi tèmi gba ara ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ìdí-igi kejì gba táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí-igi kẹta gba bátìrì àti kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹnìkejì jẹ.”

Lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, bí èèyàn bá kú, àlùfáà ni a ń pè kí ó wá pín ogún bí ìwé ṣe wí. A lè jà, a lè di kùnrùngbùn, àmọ́ n kò gbọ́ rí pé wọ́n tú mọ́tò bí ẹran iléyá. Mo dìde pé kí a máa lọ. Làmídì ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ó ti wọnú ibẹ̀ tó ìgbáròkó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ. Ẹ́ńjìnì yìí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan láyé. Kò sí ibi tí ẹ ti máa rí irú èyí pẹ̀lú owó yín.”

Bí mo ṣe padà jókòó nìyẹn. Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn la fẹnu kò sí, ọgbọọgbọ̀n fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ní òun kò lè gba kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé àwọn méjì yòókù gbà. Èmi ni kí n lọ bẹ̀ wọ́n fúnra mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn a wọ lọ́rì lọ sí Òṣú. Àbúrò Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, ọmọ ìyá kejì, ló wà níbẹ̀. Ó to táyà mẹ́rin sábẹ́ igi obì, ó fi wọ́n ṣe àga fún àlejò. Orí ọ̀kan ló fi èmi náà jókòó sí láti bá a ná an! Ó gba ọgbọ̀n pọ́n-ùn, ó rò ó títí, ó tún ní ó ku ọ̀rọ̀ kan.

“Adìyẹ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ti ìyá mi ni. Ẹ ò lè lé e kúrò lórí ẹyin.”

Mo ní, “Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ ò ní pa mí!” Ṣílè mẹ́rin ni mo fi ra adìyẹ tí n kò fẹ́. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ni wọ́n ti ń múná roko. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà.

A yí táyà wá sí ojú títì, a gbé e padà sí Iléṣà. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí fún wa ní yàrá, ìyàwó rẹ̀ tún gún iyán, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. N kò lè bínú sí i bí mo ṣe fẹ́, ìyẹn náà sì tún ń bí mi nínú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kìlọ̀ fún mi nípa Ìwàrà. Ó ní ìyàwó kẹta bàbá òun ló wà níbẹ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ẹni márùn-ún ló ti wá ra ọkọ̀ náà, ó ti lé gbogbo wọn. Làmídì dúró ti táyà. Èmi háyà kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹni tó ni ín gbé mi sẹ́yìn. Mo sì sanra púpọ̀. Ní gbogbo òkè, mo sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ń ka Fátíhà. Nígbà tí màá fi dé Ìwàrà, ìbàdí mi ti kú.

Ìyá àgbà náà ń ṣa obì sínú agbọ̀n. Mo tẹrí ba kí i, mo ro ẹjọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

“N kò tà á.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn méjì yòókù ti gbà.”

“Mo ní n kò tà á. Jẹ́ kí ó jẹrà síbẹ̀.”

Bí ìbínú ṣe gbà mí nìyẹn. Ìbínú ọjọ́ méjì ni, ti ewúrẹ́, ti adìyẹ, ti kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ dà lé ìyá arúgbó lórí. Mo pariwo pé, “Ìyá, ẹ gbé irin pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn, kò wúlò fún yín, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni! Ọmọ mi kú ní èṣín nítorí pé n kò rí ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀. Ó ti tún lóyún oṣù mẹ́jọ. Ṣé kí òun náà kú ni, nítorí kọ́kọ́rọ́?”

Ìyá náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wò mí nìyẹn.

“Ta ló rán ọ wá sọ èyí fún mi?”

“Kò sí ẹni tó rán mi, Ìyá.”

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bọ́sẹ̀ nìkan ni mo bí fún bàbá yẹn. Ó wà ní ulé bàbá rẹ̀ ní Iléṣà nígbà tó ń rọbí. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ sí ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n mú bátìrì àti kọ́kọ́rọ́ wá. Mo sáré. Wọ́n ránṣẹ́ sí Òṣú kí wọ́n kó táyà wá. Àwọn ti Òṣú ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọn yóò san fún àwọn lórí táyà. Ìgbà tí mo dé pẹ̀lú bátìrì lórí àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti bò ó láṣọ.”

Ojú ti mí fún ariwo tí mo pa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, mo ní kí ó forí jì mí.

“Dìde,” ni ó wí. “Èmi kò fẹ́ kí wọ́n rí i tà, kí wọ́n sì máa náwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé òun fẹ́ fi gbé aboyún.” Ó wọlé, ó gbé bátìrì jáde fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n gbà á. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró rẹ̀. Mo na ọgbọ̀n pọ́n-ùn sí i, ó ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Kí ni orúkọ ìyàwó rẹ?”

“Sàrátù, Ìyá.”

“Sàrátù yóò sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Máa lọ, ọ̀nà jìn.”

Làmídì fi ìyókù ọ̀sán to ọkọ̀ náà pa dà. Ó gbé bátìrì lọ bá ẹni tó ń fi iná sí i, ó tún táyà kan lẹ̀, ó fi irin yí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejìlá, ní ìgbà kẹtàlá ó jí, ó wú ikọ́, ó tu èéfín dúdú sójú gbogbo wa. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí gba ọgbọ̀n pọ́n-ùn tirẹ̀, ó fi ìwé ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ fún un, òun náà kò béèrè ohun tí mo sọ ní Ìwàrà. Adìyẹ ń ké nínú agbọ̀n ní gbogbo ọ̀nà títí a fi wọ Òṣogbo.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Gbogbo ilé tú jáde. Sàrátù fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, olórí ilé wa, yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń mi orí, ó ní mo ṣe gudugudu méje. Ó wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó wo abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

“Bátìrì yìí ni rédíò mi ń wá. A ó máa yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kí a fi gbọ́ ìròyìn, a ó dá a padà ní àárọ̀. Ọkọ̀ gbogbo wa náà ṣáà ni.”

Láti ìgbà tí a ti bí mi, n kò gbé ohùn sókè sí ẹ̀gbọ́n mi rí. Mo gbé e lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Kò sí ẹni tí yóò yọ ohun kan kúrò lára ọkọ̀ yìí! Ẹni tó bá yọ ìṣó kan lára rẹ̀, èmi àti onítọ̀hún ni!” Ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Gbogbo ẹbí ní ọkọ̀ ti gun mi lórí, pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀. N kò lọ. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn: mo lè tọrọ àforíjì ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Sàrátù di ògiri mú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè mí. Mo kígbe pe Làmídì ní òdìkejì títì, nítorí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe gbé Sàrátù dé ẹ̀yìn ọkọ̀, mo rí i pé ẹnì kan ti jókòó síwájú, fìlà lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò wo ojú mi. Ó ní kí Làmídì rọra, pé kòtò wà níwájú. A dé ilé ìwòsàn kí oòrùn tó kan àtàrí, a sì gbọ́ igbe ọmọ láti ìta níbi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.