Ọjọ́ tí Àlàké Gbọ́ "Wí"

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń fóònù lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, tó ń sọ pé, "Wi. Wi. Wi, Tàǹtí." Èmi wà nídìí ààrò, mo ń ṣa ẹ̀wà. Mo kàn rí i pé ọwọ́ mi dúró, ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu títí ọmọ náà fi yọjú wò mí bóyá kò sí nǹkan. Láti ìgbà náà n kò tíì lè jókòó dáadáa. Mo ti gbá àgbàlá tí wọ́n ti gbá, mo ti gbé àpótí mi láti ìdí igi káṣú dé ẹnu ọ̀nà, mo sì tún gbé e padà. Bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ bá ti wọ̀ mí lára, bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, bóyá ara mi á balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Faransé ti wọ̀ yín lẹ́nu kí ẹ tó hu eyín. "Wi" kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ létí yín. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa ní Lugba, láwọn ọdún tí ìjọba ológun ń pe tọmọdé tàgbà ní kámárádì, ṣàṣà ni ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú agbo ilé wa. Ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orí kan etí òdìkejì ni wọ́n mú mi lọ sí ilé-ìwé. Ilé amọ̀ ni, páànù lórí, irin ẹsẹ̀ mọ́tò akẹ́rù tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò sì ni aago wa. Kíláàsì àwa ọmọ tuntun kún débi pé ẹni tó bá jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ìdajì ìdí rẹ̀ ló wà lórí igi, ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọmọ Savalu ni mẹ́tìrù, ìyẹn olùkọ́ wa, Máhì ni èdè ìyá rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí ojú ìlà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bẹ iṣu. Kò gbọ́ Ìṣà, èdè ilé tiwa, àwa náà kò gbọ́ Faransé rẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rọ̀ lé wa lórí bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tó sì ní "Repetee," ìyẹn ni pé ká tún un wí, ohùn kan náà ni gbogbo wa máa fi pariwo pé "Repetee!" Á wá fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀.

Àlàké ni ọ̀rẹ́ mi, ògiri kan ló là wá láàrin. Ara ọmọ náà kì í gbélẹ̀. Tí òjò Faransé yẹn bá ti le díẹ̀, ojú fèrèsé ló máa gbà, ó di inú oko káṣú. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u. Ó ní ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀, ìyẹn ọ̀gá tó ń yẹ ilé-ìwé wò, ń bọ̀ láti Savalu. Bí ọ̀gá náà bá wá tó sì rí i pé Àlàké kò mọ nǹkan kan, kí ó di ẹrù rẹ̀, kó lọ bá àbúrò òun obìnrin yan gàrí ní Jaluku. Kì í ṣe gàrí ló ń ba Àlàké lẹ́rù. Jaluku jìnnà, a kò sì ní rí ara wa mọ́.

Àárín ìgbà yẹn ni ìjọba rán Tàǹtí Àṣàbí sí wa. Tàǹtí ni Faransé ń pe àǹtí. Ọmọ Bantẹ ni, ó gbọ́ Ìṣà bíi tiwa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé rẹ̀ dé ibì kan ní Savalu, wọ́n sì ní kó máa ran mẹ́tìrù lọ́wọ́ nítorí pé olùkọ́ kò tó. Kì í ṣe olùkọ́, kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbà kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí i. Ìyá mi ní ìyàwó mẹ́tìrù ni, ó kàn ń tijú ni. Mẹ́tìrù ní kó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó máa nu imú fún àwọn ọmọ, kó sì máa jí àwọn tó bá sùn. Òfin kan ló tẹ̀ mọ́ ọn létí: kò gbọdọ̀ sọ èdè ilé fún wa.

Ẹ ti gbọ́ nípa sìnyáàlì rí? Ìkarahun ìgbín ni, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé ní ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, yóò sì máa gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ títí ilé-ìwé fi jáde yóò jẹ pàṣán. Ọ̀rẹ́ ń ṣọ́ ọ̀rẹ́, ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ àbúrò, ara kò rọ ẹnikẹ́ni lákòókò eré. Mo kórìíra ìkarahun yẹn, mo ṣì kórìíra rẹ̀ títí dòní.

Tàǹtí kò fi òfin náà sí ọkàn fún ọjọ́ pípẹ́. Bí mẹ́tìrù bá ti kọjú sí pátákó, a máa gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn: ohun tó sọ nìyí, ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa. Àlàké kò bá ojú fèrèsé ṣe mọ́, àyàfi lọ́jọ́ tí Tàǹtí bá lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ọrùn wa kò dúró níwájú mọ́. Mẹ́tìrù á sọ̀rọ̀, gbogbo wa á yíjú sẹ́yìn. Ó rò pé ejò ló wà níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ro gbogbo koríko tó wà lẹ́yìn ilé. Òróró èmí, tí àwọn kan ń pè ní òrí, ni ìyá mi fi ń ra ọrùn mi lálẹ́, tó ń bú àwọn tó ṣe bẹ́ǹṣì ilé-ìwé.

Ọjọ́ ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ pé. Àwọn òbí wá, wọ́n dúró sójú fèrèsé, bàbá Àlàké wà láàrin wọn. Ọrùn tèmi ni sìnyáàlì wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé mo fẹsẹ̀ kọ òkúta, mo sì ní "Yéè, ìyá mi o." Ọ̀gá náà wọlé, ó jẹ́ ọkùnrin tútù kan tó fi awò sójú, ará ìsàlẹ̀ létí òkun. Ibo ló jókòó sí? Ẹ̀yìn, lórí bẹ́ǹṣì Tàǹtí gan-an. Mẹ́tìrù sọ̀rọ̀, a yíjú sẹ́yìn, ojú wa sì bá ti ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀. Tàǹtí kò lè la ẹnu.

Nígbà tó yá, ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ dìde, ó wá dúró ti Àlàké, ó sì fi Faransé béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé ó ń béèrè bóyá ó fẹ́ràn ilé-ìwé ni. Àlàké ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó ní, "Wí? Wí?"

Àlàké gbórí sókè. Ta ni àgbà máa sọ fún pé kó wí, tí kò ní wí?

Ó ní, "Ẹ ní kí n wí, màá wí. Ọ̀rọ̀ mẹ́tìrù kò yé mi. Tí Tàǹtí bá ti ẹ̀yìn sọ ọ́ ní ohùn ilé ló máa ń yé mi. Ọjọ́ tí Tàǹtí kò bá sí ni mo máa ń gba ojú fèrèsé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ sí Jaluku."

Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ bi mẹ́tìrù pé kí lọmọ wí, mẹ́tìrù na ọwọ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì níbẹ̀ àfi Tàǹtí, òun tí ọ̀rọ̀ náà máa pa. Ó lè sọ pé ọmọ ní òun fẹ́ràn ilé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa já a. Ohun tí mo ń fẹ́ kó sọ nìyẹn, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. A mọ̀ nítorí pé a gbọ́ orúkọ tirẹ̀ nínú rẹ̀, a gbọ́ Jaluku, a sì rí mẹ́tìrù tó ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ ní kó bi ọmọ náà ohun tó mọ̀. Tàǹtí rìn bọ̀ níwájú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ó dúró, ó bọ́ sìnyáàlì kúrò lọ́rùn mi, ó sì gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ó wá fi Ìṣà sọ̀rọ̀ sókè, lójú gbogbo wọn, ní iwájú pátákó níbi tí a kò ti gbọ́ ọ rí.

"Àlàké, kí ni mẹ́tìrù kọ́ wa lánàá?"

Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀ bọ́ síwájú bẹ́ǹṣì. Apá ọ̀tún, ó fò síbẹ̀. Apá òsì, ó fò síbẹ̀. Òkè, ó fò; ilẹ̀, ó lóṣòó. Tàǹtí ní kó pè wọ́n bí mẹ́tìrù ṣe ń pè wọ́n, Àlàké sì pè wọ́n ní Faransé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣì kan. Bàbá rẹ̀ fi fìlà nu ojú, ó ní òógùn ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu wá fún mẹ́tìrù, ó gbé òmíràn fún Tàǹtí, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Jaluku ní ilé wọn.

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán tí wọ́n fi gbé Tàǹtí lọ sí Atokoligbe. Ẹ̀yìn mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré kan, ló jókòó sí, àpótí rẹ̀ wà lórí itan, sìnyáàlì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Fún ọjọ́ pípẹ́, tí a bá gbọ́ ìró mobilẹ́ẹ̀tì, gbogbo kíláàsì ló ń sáré lọ sójú fèrèsé. Mẹ́tìrù kò bá wa wí, òun náà máa ń yọjú. Kò wá ìkarahun mìíràn. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú Ìṣà fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé "Ẹ gbọ́," ó ní "Ẹ gbó," gbogbo wa sì gbó bí ajá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Nígbà tó yá, owó tán lápò ìjọba, olùkọ́ sì wọ́n bí ojú. Àwọn tí wọ́n ní kó máa nu imú ọmọ wá di ẹni tó ń di kíláàsì mú látòkè délẹ̀, àwọn òbí ló ń fi àgbàdo àti iṣu gbé wọn ró. Àlàké di ọ̀kan nínú wọn ní Bantẹ. Kò jókòó sẹ́yìn rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti fèrèsé kíláàsì rẹ̀. Lónìí, irú Tàǹtí bẹ́ẹ̀ kan ń bẹ ní ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi náà, òun ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀. Wọn kì í gbé ìkarahun kọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́. Síbẹ̀, mo ṣì ń rí ọmọ tó ń wo ẹnu olùkọ́ bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá.

Àlàké bá Tàǹtí Àṣàbí tiwa pàdé ní Atokoligbe nígbà tó lọ síbi òkú kan. Tàǹtí ti darúgbó. Ó ní ìkarahun náà wà ní ìdáná rẹ̀, òun ló fi ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ tán, ara mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ọmọ yìí bá mi pe Àlàké lórí fóònù. Ó dún, ó dún, Àlàké gbé e. Àwa àgbà Lugba kì í fi ìkíni ṣeré, a máa ń béèrè ilé, ọ̀nà, oko àti adìyẹ. Àlàké kò béèrè ìkankan.

Ó ní, "Wí."

Mo sì wí.