Igi Ọsàn Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ìdajì ìwé léwu ju àìmọ̀wé lọ. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì mọ ohun tí mo rí kí n tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, mo ń ṣe tíṣà ní Igbó-Ọrà, mo sì ń ka ìwé ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé sílẹ̀ de ìdánwò. Ọkọ àbúrò ìyá mi máa ń yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ ọjà. Àgbẹ̀ ni, àlejò sì ni lórí ilẹ̀ tó ń ro ní abúlé kan lọ́nà Ayete. Ogún ọdún ló ti wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún àwọn onílẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n gbà á láyè kó gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́. Igi nìkan ni kò gbọdọ̀ gbìn. Ẹ̀gẹ́ á kúrò nílẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n àlejò tó bá gbin igi ti sọ pé òun ò lọ mọ́ nìyẹn.

Mo mọ àṣà yìí láti kékeré. Síbẹ̀, ìwé ń pa mí bí ọtí lọ́jọ́ kan, mo bá sọ fún un pé ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kan nílùú òyìnbó ti kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí èèyàn bá fi òógùn ara rẹ̀ ro, tirẹ̀ ni.

"Tíṣà wa, ṣé inú ìwé ló wà?"

Mo ní inú ìwé ni. Mo tún ṣí ojú ewé náà han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti balẹ̀.

Nígbà tí òjò dé, ó gbin ọsàn méjìlá sáàárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ táwọn onílẹ̀ fi pè é lẹ́jọ́ ní agboolé wọn. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé ìwé náà bọ̀. Mo lọ, ṣùgbọ́n n ò gbé ìwé dání, nítorí olórí ẹbí wọn ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọkọ àbúrò ìyá mi nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni mo kà á fún òun. Wọ́n bi mí. Mo ní ìtàn lásán la jọ ń pa.

Ó wò mí. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí títí dòní. Wọ́n fa ọsàn tu, wọ́n sì lé e kúrò lórí ilẹ̀, tòun ti ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó fara balẹ̀ ka ojú ewé tó ṣáájú. Ilẹ̀ tí kò lólúwa ni ọ̀mọ̀wé yẹn ń sọ. Èwo ni kò lólúwa ní Ìbàràpá? Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn onílẹ̀ kan náà fa ilẹ̀ ọ̀hún lé olówó kan lọ́wọ́, ó kó katakata wọ̀ ọ́, ó gbin káṣú lọ rẹrẹ, ẹnikẹ́ni ò pè é lẹ́jọ́.

Mo lọ wo ọkọ àbúrò ìyá mi ní Ayete, níbi tó kó lọ. Ó ti rù, oko olóko ló ń bá wọn ro. Lẹ́yìn yàrá tó háyà, ọ̀kan nínú àwọn ọsàn tí wọ́n fà tu wà nínú ìkòkò fífọ́. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi gbìn ín sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìnkùlé fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ilé onílé ni, tíṣà."

Kò fi "wa" kún un mọ́.