Àga Olójú-Idì

Ó tọ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Olójú-Idì kì í jókòó láìkọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù nu àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì kò tó, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sì jẹ́ àṣejù. Ẹ̀bá fèrèsé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni àga náà wà, níwájú maikirosikóòpù, ọdún méjìlélógún ló sì ti ń jókòó lé e.

Orí àga yìí ló ti gba orúkọ. Kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì fún un, yóò sọ bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara pé, tàbí wọ́n tẹ̀ bíi dòjé, tí í ṣe àmì àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ó mọ èyí tó ń bá àrùn jà, ó sì mọ èyí tó kàn ń pọ̀ sí i láìníṣẹ́ lọ́wọ́, bí ó ti ń rí nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tíntìntín tó ń sáré lọ dí ojú ọgbẹ́, "adíhò" ló ń pè wọ́n. Ìdúró ni àwọn dókítà fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kí ni ọkùnrin tún ń wá?

Àfi bí ẹ̀rọ tuntun ṣe dé, tí ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Àbúrò sì tẹ̀lé e wọlé. Ohun tí Olójú-Idì fi ìdajì wákàtí kà, ẹ̀rọ Àbúrò ń kà á ní ìṣẹ́jú kan. Ni àwọn dókítà bá ń gba ẹ̀yìn Olójú-Idì kọjá. Ọ̀kan tilẹ̀ pe ọmọ náà ní "Olójú-Idì tuntun". Lọ́jọ́ yẹn, Olójú-Idì délé, ó sì ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ọmọ náà bú yín ni, Bàbá àwọn ọmọ?"

"Rárá. Ó ń kí mi dáadáa."

"Kí ló wá ń bí yín nínú?"

"Bó ṣe ń kí mi dáadáa yẹn náà ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún bíríkìlà kan. Ẹ̀rọ ní adíhò rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ, níbi tí ó ti yẹ kó lé ní ọ̀kẹ́ méje. Dókítà ní òun ò ní fi abẹ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá. Bíríkìlà, tí ebi àná ṣì ń pa, ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Èmi tí mo gé ìka lánàá, tí ẹ̀jẹ̀ dá kí n tó rí àkísà!"

Olójú-Idì gbọ́. Ó yọ́ kán ẹ̀jẹ̀ bíríkìlà sórí gíláàsì, ó sì wò ó. Àwọn adíhò rẹpẹtẹ rèé létí gíláàsì, wọ́n lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́! Òògùn inú ìgò, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kò bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Ẹ̀rọ kò sì mọ bí a ṣe ń ka ohun tó lẹ̀ pọ̀. Ó rí i kedere. Ó sì panu mọ́. Ó fẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ dé, kí wọ́n dójú ti ẹnìkan ná.

Àbúrò ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọkàn mi ò gba èsì yìí."

"Ẹ̀rọ yín ò ríran mọ́ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀gbọ́n. Ìríran ni kò ní."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ ohun tó rí fún un kí ó tó rántí pé òun ń bínú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú ìgò olóògùn mìíràn. Adíhò lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n gbé bíríkìlà wọlé iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tó yá, dókítà wá bọ Àbúrò lọ́wọ́. "O káre tó o béèrè."

"Ẹ̀gbọ́n ló rí i, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ni dókítà wí, kò sì fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olójú-Idì yọ áńkáṣíìfù bó ti ń ṣe.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni Àbúrò wí pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mo ti bá yín nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn, àbí ọmọ náà ti ń wọn àga wò?