Tíṣà Ẹ-Kà-Á-Ná àti Àwọn Kòkòrò Oko Sóyà

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ni pé Tíṣà Ẹ-Kà-Á-Ná ti ń bá kòkòrò ṣèpàdé. Obìnrin tó ń ta wàrà ló gbé e wọ ọjà. Ó ní òun ń kọjá lẹ́bàá oko sóyà láàárọ̀ kùtù, òun rí màmá náà lórí àpótí, ó tẹ́ aṣọ funfun síwájú, ó ṣí rẹ́jísítà ilé ìwé sórí itan, ó ń pe orúkọ kòkòrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì ń dáhùn.

"Ìwọ fúnra ẹ gbọ́ ọ?"

"Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ! Ó ní, 'Aláǹtakùn?' Ohùn kan jáde láti inú ewé, ó ní, 'Méje, mà!'"

Kó tó di ọ̀sán, aláǹtakùn méje ti di ẹgbẹ̀rún méje. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n ti ń sọ pé eṣinṣin kan pẹ́ dé ìpàdé, Tíṣà sì ní kó kúnlẹ̀, kó káwọ́ sókè, kó kọjú sí ògiri.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn jóòótọ́. Àpótí wà níbẹ̀, rẹ́jísítà wà níbẹ̀, aṣọ funfun náà sì wà: aṣọ ibùsùn Tíṣà ni. Ohùn tó dáhùn láti inú ewé náà wà, àmọ́ kì í ṣe ti kòkòrò. Àbúrò Tíṣà ló ni ín, bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó kúnlẹ̀ sáàárín ebè tòun ti páńpù oògùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín.

Iṣẹ́ àbúrò yìí ni kó máa fín oògùn kòkòrò fún gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Má-Dá-Kan-Sí ni wọ́n ń pè é, torí bó ṣe máa ń fọ́nnu pé bí òun bá fín oko kan tán, kòkòrò kan ò ní í ṣẹ́ kù tó máa lọ ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti pàṣẹ pé gbogbo oko sóyà gbọ́dọ̀ gba oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà kòkòrò wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló yarí kanlẹ̀. Ni alága ẹgbẹ́ bá rán Má-Dá-Kan-Sí níṣẹ́: "Lọ fín in láàárọ̀ kùtù, kí màmá yẹn tó jí." Ohun tí alága ò mọ̀ ni pé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò kì í jí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí mi," ni Má-Dá-Kan-Sí wí nígbà tó bá a níbẹ̀.

"Káàárọ̀. Má sọ páńpù yẹn kalẹ̀ o, jẹ́ kó máa wúwo lẹ́yìn ẹ. Ta lo wá pa?"

"Kòkòrò ni, mà."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ni, mà."

"Mélòó ni gbogbo wọn?"

Má-Dá-Kan-Sí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọdún méjìlélógún ló ti ń pa kòkòrò jẹun, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè iye wọn rí.

"Kà á ná," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á: wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sáàárín ebè méjì, wọ́n á tẹ sóyà ọ̀tún àti tòsì sórí rẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹni tó bá já sórí aṣọ kò rí ibi sá sí. Má-Dá-Kan-Sí gbọ̀n ọ́n, Tíṣà sì ń pe rẹ́jísítà.

"Kòkòrò ajẹwé?"

"Méjì, mà."

"Kòkòrò olóòórùn?" Èyí ni kòkòrò pẹlẹbẹ bí asà kékeré tó máa ń fẹnu gún èèpo sóyà, tó ń fa omi inú hóró mu, tó sì máa ń rùn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀kan, mà."

"Aláǹtakùn?"

"Méje, mà!"

"Àwọn róbótó pupa alámì dúdú, tó ń jẹ ẹyin kòkòrò?"

"Mẹ́rin, mà."

Tíṣà ti rẹ́jísítà. "Olè mẹ́ta, ọlọ́pàá mọ́kànlá. O wá ru oògùn wá láàárọ̀ kùtù láti wá pa ọlọ́pàá mi." Má-Dá-Kan-Sí ru páńpù rẹ̀ délé ní kíkún, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò sì fi lè wo aláǹtakùn ilé ìwẹ̀ rẹ̀ lójú.

Inú alága ru gùdù. Ó pe ìpàdé, ó já ewé kan nínú oko Tíṣà, ó gbé e sókè bíi pé òkú ló gbé dání.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń pe èyí?"

"Ewé."

"Àwọn ihò ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ihò."

Ẹ̀rín sọ. Tíṣà gba ewé náà, ó fi lé orí ìwé ìṣirò tí ìlà pín sí àpótí kéékèèké, ó yà á, ó ka àwọn àpótí náà níkọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó gba ìdajì wákàtí. Ẹni méjì sùn.

"Nínú ọgọ́rùn-ún, kòkòrò jẹ mọ́kànlá," ni ó wí. "Sóyà tí kò tíì tanná lè pàdánù ìlọ́po méjì èyí kó má mọ̀ ọ́n lára, á tún òmíràn hù. Bàbá alága, fìlà tẹ́ ẹ dé yìí nìkan, ihò ara rẹ̀ ju mọ́kànlá lọ, ẹ sì ń dé e wá sípàdé. Ṣé ẹ fẹ́ ká fín òun náà ni?"

Alága ṣí fìlà, ó rora fi sábẹ́ àga. Àmọ́ ọkùnrin náà kì í jẹ ẹ̀tẹ́ lásán. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò: ilẹ̀ ẹgbẹ́ ni gbogbo oko, wọ́n fún Tíṣà ní ọdún kan péré, bí àpò sóyà rẹ̀ bá kéré sí ti aládùúgbò rẹ̀, oko náà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ sì ni aládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí ká Má-Dá-Kan-Sí lára. Oko yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ jọ hú gbòǹgbò rẹ̀ nígbà ayé ọkọ, látìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò ní ibòmíràn tó ń lọ. Ó tọ̀ ọ́ lọ nílé.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n fín in díẹ̀, kí ẹ̀mí gbogbo wa lè balẹ̀."

"Ẹ̀mí ta ni? Tèmi wà nílẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹun."

"Wọ́n máa gba oko yìí lọ́wọ́ yín o!"

"Ọdún tó kọjá, ìgbà mẹ́sàn-án lo fín oko alága. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án, ṣé kòkòrò dín ni àbí ó pọ̀ sí i?"

Má-Dá-Kan-Sí mọ èsì rẹ̀. Ó ti pọ̀ sí i. Ó ti pọ̀ débi pé wọ́n ń bá ara wọn du ìjókòó.

Oníṣòwò oògùn gbọ́ pé oko kan wà tí kò gba oògùn, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó gbé àpótí oògùn wá, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ní, "Màmá, èyí ń pa gbogbo nǹkan!"

"Gbogbo nǹkan? Ìwọ ńkọ́?"

Tíṣà gba ìgò náà, ó fi awò sójú, ó ní kí ọkùnrin náà ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sókè. Kò kà á rí. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ń lò ó wọ bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti aṣọ tó bo gbogbo ara. "Ó dáa," ni Tíṣà wí, "wọ̀ wọ́n, kó o wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi 'màmá.'" Nínú oòrùn ọ̀sán ganrínganrín, ọkùnrin náà kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó wọ̀ ọ́, ó sì ń polówó nínú ìbòmú. Kò dé ìdajì tó fi ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bun òun lómi. Ìgbà tó ń lọ, ó gbàgbé àpótí oògùn, àmọ́ kò gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀.

Oko Tíṣà tanná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so. Lójoojúmọ́ ló ń gbọ̀n ọ́n, lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí hóró bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú èèpo, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Má-Dá-Kan-Sí bá a lórí àpótí létí ọgbà, níbi tí oko rẹ̀ ti kan ti alága. Oko alága ti gba oògùn tirẹ̀. Àwọn kòkòrò olóòórùn tó ríbi sá sì ti kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ Tíṣà. Aṣọ funfun náà ti dúdú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, Má-Dá-Kan-Sí rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti darúgbó.

"Kà á," ni Tíṣà wí.

Ó kà á. Mẹ́rìnlá.

"Tún un kà."

Mẹ́rìnlá ni.

"Ó ti kọjá iye tí oko lè gbà mọ́ra," ni Tíṣà wí. "Níbí nìkan ni. Mo ti gbọ̀n gbogbo inú oko, ibẹ̀ mọ́. Fín ìlà mẹ́rin. Mẹ́rin péré, má kan ìkarùn-ún."

Ọ̀sán yẹn, Má-Dá-Kan-Sí fín ìlà mẹ́rin bí ẹni tó ń lé tìróò sójú ọmọ jòjòló. Ó dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀, ó fi paálí bo ìlà karùn-ún. Bó ṣe ń ṣan páńpù, ó ti bá ara rẹ̀ mulẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu òun láéláé. Ojú kò gbọdọ̀ ti ẹ̀gbọ́n òun.

Ìgbà ìkórè, alága kó àpò mọ́kàndínlógún. Tíṣà kó mọ́kànlélógún. Tíṣà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n tún un kà.

Bí òkìkí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kò fi ẹ̀kán oògùn kan kan oko náà. Wọ́n ní bí kòkòrò bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Láàárín ọdún méjìlá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé aṣọ ibùsùn wọn lọ sóko lọ́kọ̀ọ̀kan. Má-Dá-Kan-Sí fúnra rẹ̀ sì di ẹni tí kì í fín oko tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Bí wọ́n bá ń sọ̀tàn náà lójú rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á sì máa wo ilẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà kí Tíṣà tó kú, akọ̀wé ẹgbẹ́ wá sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ẹgbẹ́ fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn. Má-Dá-Kan-Sí jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń to ìrọ̀rí. Tíṣà dijú, wọ́n rò pé ó ti sùn. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́ẹ́jẹ́: "Ìyá wa, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin sóyà láìfín ẹ̀kán oògùn kan..."

"Irọ́."

Akọ̀wé fò sókè. Tíṣà ti lajú kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi," ni Má-Dá-Kan-Sí wí kíákíá. "Wọ́n ti kọ ọ́ dáadáa."

"Wọn ò kọ ọ́ dáadáa. Ìwọ lo ń rò pé àṣírí lo ń bá mi pa mọ́ látọdún wọ̀nyí wá. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Mo ń dúró kẹ́nì kan bi mí ni, gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́." Ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde jókòó, nígbà tí àbúrò rẹ̀ sì fẹ́ dì í mú, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Akọ̀wé, mú bírò. Mi ò bá oògùn jà rí. Àìmọ iye ni mo bá jà. Ọdún tí wọ́n fẹ́ gba oko mi, kòkòrò tó mẹ́rìnlá létí ọgbà, a sì fín ìlà mẹ́rin. Kọ ọ́."

"Ìlà mẹ́rin," ni akọ̀wé ń kọ.

"Bí kì í bá ṣe ìlà mẹ́rin yẹn, oko ì bá ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ló fín in. Mo ní mẹ́rin, mẹ́rin ló fín, kò kan ìkarùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́."

Má-Dá-Kan-Sí fi ìrọ̀rí bojú.

Akọ̀wé họ orí. "Ṣé ká wá fi orúkọ bàbá sísàlẹ̀ orúkọ yín ni, mà?"

"Ta ló ní sísàlẹ̀?" ni Tíṣà wí. "Kọ tiẹ̀ ṣáájú."