Irun Iwájú Orí Ẹ̀gbọ́n Onídìrí

Ohun tó ń bí onídìrí nínú kò pọ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun gùn dé ẹ̀yìn, tó sì jẹ́ pé láti ìgbà tó ti dì í kò jẹ́ kí omi kàn án, inú rẹ̀ a máa bí onídìrí. Ẹni tó ń fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun gbígbẹ láìfi òróró tọ́ ọ, bí ẹni tó ń gbálẹ̀, tìyẹn tún burú jù. Àwọn tí kì í wé nǹkan kan mọ́rí sùn, tí ìrọ̀rí ń fi irun wọn jẹun lálaalẹ́, tí wọ́n á wá béèrè pé, "Ìpara wo la lè rà?" kì í tiẹ̀ dá wọn lóhùn mọ́. Á kàn pòṣé, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: àga mẹ́ta, dígí kan tó ti là ní igun, àti dírayà tó máa ń pariwo kó tó gbóná. Ibẹ̀ ló ti ń bá gbogbo ayé wí. Ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá ò, olùkọ́ ò, kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ kì í bà. "Ẹ má ní kí n fà á le o! Irun kì í ṣe okùn ewúrẹ́." Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè bá wí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìyá kan náà bí wọn.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ẹnu ẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá eré. Ibi tó yẹ kí irun wà ti ń dán, ó tún ń so kókó wẹ́wẹ́. Onídìrí mọ̀ pé bí wọ́n bá tún fà á le báyìí, gbòǹgbò irun náà á kú, kò sì sí ìpara tó ń jí òkú irun dìde.

Láàárọ̀ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú irun tó ti pẹ́ lórí débi tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Onídìrí fi òróró rẹ ẹ́, ó sì ń fi ìka tú u láti ìsàlẹ̀ wá sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Tó bá ń yọ ẹ́ lẹ́nu, fi sísọ́ọ̀sì gé e," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Irun ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ìdì-ìdì. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dì í ní mẹ́rin ńláńlá, kó sinmi fúngbà díẹ̀. Ó ti ń já."

"Ta ló fẹ́ sinmi? Dì í kó le. Àbí torí pé ò ń dirun fáyé, ìwọ lo wá di ẹ̀gbọ́n mi?"

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé níjòókòó, òun gan-an ló ní kí wọ́n ba orí òun jẹ́. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Onídìrí dì í, ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án. "Kò mú. Tú u." Ó tú u, ó tún un dì. "Kò mú!"

Onídìrí ju òòyà sílẹ̀ gbàà. "Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ onídìrí ìsàlẹ̀ ọ̀nà! Òun ni kó bá yín pa á! Èmi ò ṣe!"

Obìnrin oníbàárà kan tó wà lábẹ́ dírayà yọrí jáde. Láti kékeré, onídìrí kò pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó ń dúró de ìgbátí. Àmọ́ omi ló rí lójú ẹ̀gbọ́n.

"Ọwọ́ Màámi le," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, tó bá ń dùn mí báyìí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé àwọn ni wọ́n ń dì í. Ọwọ́ tìẹ rọ̀. N kì í rí wọn níbẹ̀."

Ìbínú onídìrí kò lọ o. Ó kàn yí ojú padà ni. Ó ń bínú pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ èyí fún òun kí irun tó lọ. Ó ń bínú sí ikú pẹ̀lú. Òun náà kò gbàgbé ọwọ́ ìyá wọn, àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹ̀yìn òòyà kan ọmọ lórí bó bá ti mira.

Ó he òòyà nílẹ̀, ó fa àpótí kékeré wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lé àpótí náà láàárín orúnkún òun bí ọmọdé. Ó fi òróró ra awọ orí náà, ó yà á sí mẹ́rin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í ní ńláńlá, láìfà á.

Ẹ̀gbọ́n yí ọrùn. "Kò mú..."

Onídìrí fi ẹ̀yìn òòyà kan án láàárín orí, kóó! "Gbórí dúró jẹ́ẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n dijú, ó sì gbé orí lé itan àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀hẹn," ó ní. "Màámi nìyẹn."